Kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ inú ìsọ̀ àgbàdo: èbu ló wá jẹ

Ìyá kan tó ń ṣòwò àgbàdo ní Ìsẹ́yìn ló kọ̀wé pé: "Lẹ́yìn ìkórè àkọ́rọ̀ ni mo ra àgbàdo tí mo kó sí ìsọ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Kò pẹ́ rárá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò pupa wẹ́wẹ́ lórí àpò àti lára ògiri. Bó bá di alẹ́, wọ́n á máa fò yí gílóòbù ká. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àgbàdo náà kò lu, mi ò sì rí ìyẹ̀fun kankan nísàlẹ̀ àpò. Wọ́n ní kí n fi ọ̀tapíápíá sí i. Ọlọ́sìn adìẹ kan sì ti ní òun máa rà á. Kòkòrò wo nìyí? Ṣé kí n fín in, ṣé kí n tà á? Àwọn ọmọ mi máa ń ṣeré nínú ìsọ̀ yẹn, ṣé kì í buni jẹ?"

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ má tíì ra oògùn kankan. Gbólóhùn tí ẹ sọ pé àgbàdo kò lu, tí kò sì sí ìyẹ̀fun, ni mo dì mú nínú lẹ́tà yín. Kòkòrò tó bá ń jẹ àgbàdo fúnra rẹ̀ kò lè ṣe é kó má fi àpá sílẹ̀. Èyí tó lẹ́nu gígùn ṣóńṣó, tí gbogbo oníṣòwò ọkà mọ̀ (Sitophilus zeamais lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un), inú hóró ló ń yé ẹyin rẹ̀ sí. Ìdin rẹ̀ á jẹ inú hóró náà tán, á wá lu ihò jáde. Òmíràn wà tó tún burú jù ú lọ, Prostephanus truncatus, tó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i ní Tógò tó wà nítòsí wa níbí. Ìyẹn lè sọ odindi àpò di ìyẹ̀fun. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló wọ ìsọ̀ yín, ojú yín ì bá ti rí i. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ yín kò wá nítorí àgbàdo. Èbu ni wọ́n wá jẹ, ìyẹn ohun hínhù funfun, aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó máa ń bo oúnjẹ tó bá ti bu.

Èbu àti olú, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àìmọye kòkòrò abìyẹ́ líle ló sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Nínú àwọn tó ń wọ ibi tí a ń kó irè oko pamọ́ sí, Ahasverus advena ni mo fura sí jù. Kò gùn ju mìlímítà 2 sí 3 lọ, ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́. Ẹ wo àyà rẹ̀ níbi tó ti pàdé orí. Kókó kékeré kan máa yọ ní igun ọ̀tún, òmíràn á yọ ní igun òsì. Bí ẹ bá ti rí kókó méjì yẹn, òun náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé irun wẹ́wẹ́ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà-ìlà, tó sì rí róbótó díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Typhaea stercorea ni. Ìyẹn a máa bá àgbàdo bọ̀ láti oko, nítorí orí ìpẹ̀rẹ̀ tí òjò ń pa lóko ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ ilé adìẹ tí ó tutù. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kéré ju méjèèjì lọ, Latridiidae ni wọ́n ń pe ìdílé wọn. Ògiri tí símẹ́ńtì rẹ̀ kò tíì gbẹ ni ilé wọn gan-an.

Àwọn méjì kan lè tàn yín jẹ. Tribolium castaneum náà pupa, ṣùgbọ́n ó gùn tó mìlímítà 3 sí 4, ara rẹ̀ dán, kò ní kókó lórí àyà. Ẹgẹrẹ ọkà, ìyẹn hóró tó ti fọ́, àti ìyẹ̀fun ni oúnjẹ rẹ̀. Oryzaephilus ní tirẹ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí Ahasverus tímọ́tímọ́, àmọ́ eyín wẹ́wẹ́ mẹ́fà ló tò sí etí àyà rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni fóònù fi hàn yín, ẹ kọ̀wé padà, nítorí ìtọ́jú tiwọn yàtọ̀.

Ìsọ̀ tuntun tí ẹ dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Omi púpọ̀ ló ń bẹ nínú símẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri. Bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí a sì ti fèrèsé pa nítorí olè, ó lè lo oṣù mélòó kan kó tó gbẹ dénú. Kí ó tó gbẹ, èbu tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú lásán kò lè rí á ti bo ògiri náà. Àpò àgbàdo tí a bá sì fi tì í á máa fa ọ̀rinrin rẹ̀ mu láìdákẹ́. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tuntun ló máa ń pariwo Ahasverus jù, bẹ́ẹ̀ kò sí hóró ọkà kan nínú ilé wọn. Èbu tó hù lára pákó tútù àti nínú ògiri ló pè é wá. Ilé á gbẹ, kòkòrò á wábi gbà. Torí náà, bí ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston bá fi àwòrán kòkòrò yìí ránṣẹ́ láti ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kí ó wá ibi tí omi ti ń jò, kó má lọ da oúnjẹ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ nù.

Òórùn èbu ni Ahasverus ń gbọ́ tó fi ń fò wá. Bí ibẹ̀ bá móoru, tó sì rin, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ìdin rẹ̀ kò lè là á já, àgbà tó bá sì kù kò ní rí ọmọ bí. Òun ni mo ṣe sọ pé kí ẹ má ra oògùn. Ẹni tó ń fín kòkòrò yìí, tó fi àgbàdo tútù sílẹ̀, eṣinṣin ló ń lé lójú egbò.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ilé ọkà kọ́ ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Inú igbó ni orírun wọn. Bí ẹ bá rí olú líle pẹlẹbẹ tó máa ń yọ lára igi tó ti kú, èyí tí kò ṣeé sè, ẹ fi àdá là á sí méjì. Bó bá ti gbó, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ihò wẹ́wẹ́ jánganjàngan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ìdílé Ciidae nìyẹn. Inú olú kan ṣoṣo yẹn ni ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ á ti máa jẹ, tí wọ́n á ti máa gùn, títí olú náà á fi di lẹ́búlẹ́bú. Akọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn ní ìwo lórí tó fi ń bá akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò tó orí ìṣáná. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé inú ihò tín-tìn-tín tó wà lábẹ́ olú ni wọ́n ń gbé. Nínú ìdílé wọn ni Scydosella musawasensis wà. Ọdún 2015 ni wọ́n kéde ìwọ̀n èyí tí wọ́n rí lára olú ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà: mìlímítà 0.325. A kò tíì mọ kòkòrò kankan tó ń dá gbé ara rẹ̀ tó kéré tó o.

Mi ò lè ṣàì mẹ́nu kan àwọn àgbẹ̀ inú wọn. Kòkòrò kan ń bẹ tó ń gbẹ́ ihò sínú igi, tí kì í jẹ igi náà. Irúgbìn olú ló gbé wá nínú àpò kékeré tó wà lára rẹ̀. Á gbìn ín sí ògiri ihò, á tọ́jú rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ irè oko wọn. Àwọn tó ń gbin kọfí ní Uganda kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ̀kan nínú wọn, Xylosandrus compactus, nítorí ẹ̀ka kọfí tó bá ti gbẹ́ ihò sí á gbẹ dànù. Lọ́dún 2005 ẹ̀wẹ̀, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Quentin Wheeler àti Kelly Miller, fi orúkọ àwọn olórí ìjọba wọn nígbà náà, Bush ààrẹ, Cheney igbákejì rẹ̀ àti Rumsfeld mínísítà ààbò, sọ mẹ́ta nínú kòkòrò Agathidium, tó ń jẹ ohun yọ̀yọ̀ tó ń hù lára igi jíjẹrà. Àpọ́nlé ni wọ́n fi ṣe, wọn kò fi ṣẹlẹ́yà. Àmọ́ ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, mi ò ní bá a wí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ yín ni èbu tí kòkòrò náà ń jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn èbu tó máa ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà ni Aspergillus flavus, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ewé tó fẹ́ pọ́n. Òun ló ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ ta jí sí i, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Bràsíìlì ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Lọ́dún 2004, ó kan ènìyàn ní Kẹ́ńyà. Àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ ní tútù ni àwọn ará abúlé jẹ: èèyàn 317 ló dùbúlẹ̀ àìsàn, 125 sì kú nínú wọn. Ìyẹn ni ti àjẹpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi jìyà. Aflatoxin máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu náà sì ń ga sí i gidigidi lára ẹni tó bá ti ní hepatitis B.

Gbogbo èbu kọ́ ló ní májèlé yìí. Kòkòrò yín kò sì lè sọ fún wa èyí tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n iná kì í pa aflatoxin. Ẹ sè é, ẹ yan án, ẹ fi ṣe ògì, kò sí èyí tí ẹ lè fọkàn tán pé ó ti mú un kúrò. Kòkòrò náà tún ń dá kún un: bó ti ń rìn láti àpò dé àpò, lẹ́búlẹ́bú èbu á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì tún máa ti ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gbin èbu kiri.

Báwo lẹ ṣe máa mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó? Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò, ẹ má fi mọ sí òkè nìkan. Bí inú rẹ̀ bá gbóná ju ìta lọ, nǹkan ń hù níbẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìgò onídẹ̀rí tó gbẹ táútáú àti iyọ̀ tí ẹ ti sá dáadáa. Ẹ da àgbàdo sínú ìgò náà kó tó ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi tó wà nínú àgbàdo yẹn ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ, kò ṣeé kó pamọ́. Bí kò bá lẹ̀, ó ti wá sísàlẹ̀ 15, ṣùgbọ́n ìdá 13 la ń wá, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ sá a sí i. Àwọn ilé ìlọ oúnjẹ adìẹ ńláńlá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú ọkà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irè oko tí a kó pamọ́, NSPRI, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, náà ṣeé lọ béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn.

Bí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní fi di ọ̀la. Ẹ kó gbogbo àpò jáde lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, kí ẹ tú u sórí tapólì, kì í ṣe sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tàbí ìgbálẹ̀ rò ó kiri. Kí oòrùn tó wọ̀, tàbí bí òjò bá ṣú, ẹ bò ó, torí ìrì òru á dá omi tó ti gbẹ padà sínú rẹ̀. Kòkòrò púpọ̀ á ti fò lọ fúnra wọn bí ara àgbàdo ṣe ń gbóná. Èyí tó kù, ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Ẹ wá jókòó ṣà á. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń gbani. Hóró tó bá ti yí àwọ̀ padà, tó sún kì, tó fọ́ tàbí tí èbu bò, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ májèlé náà máa ń kó jọ sí. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Àpò tó bá jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ti bu, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Kí àgbàdo ṣì wà níta, ẹ dojú kọ ìsọ̀. Ẹ gbá a, kí ẹ gbá kọ́lọ́fín ògiri dáadáa, níbi tí ẹgẹrẹ ti máa ń kó jọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí atẹ́gùn wọlé. Bí ẹ bá rí ilé mìíràn tí ògiri rẹ̀ ti gbẹ yá, ẹ gbé àgbàdo lọ síbẹ̀ títí di ọ̀gbẹlẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ pákó sílẹ̀ kí àpò má kan ilẹ̀, kí àyè tí ènìyàn lè gbà kọjá sì wà láàárín àpò àti ògiri. Ẹ yẹ orí páànù wò pẹ̀lú, bóyá ó ń jò.

Àwọn ìyá wa àgbà tó ń so ìpẹ̀rẹ̀ àgbàdo rọ̀ sókè àjà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ooru àti èéfín tó ń ti ìdáná bọ̀ kò jẹ́ kó rin, èbu kò sì rí ibẹ̀ gbé. Àpò onírọ́bà tí wọ́n ń tà báyìí, tí wọ́n ń pè ní PICS, dára púpọ̀ fún ẹ̀wà àti àgbàdo, torí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á sì kú láìsí oògùn. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó gbẹ nìkan ni kí ẹ dì sí i. Bí ẹ bá di èyí tó wà nílẹ̀ yìí sí i báyìí, inú rẹ̀ ló máa jẹrà sí.

Ẹ gbàgbé ọ̀tapíápíá. Oògùn tó wà nínú rẹ̀, dichlorvos, kò yẹ kó kan ohun tí ẹnu máa jẹ. NAFDAC sì ti kìlọ̀ fún àwọn tó ń fi í sí ẹ̀wà léraléra. Oògùn oníhóró tó máa ń di gáàsì ńkọ́? Ẹni tó gbàṣẹ tó sì kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ti pa àwọn tó sùn sí yàrá kejì rí. Ká tiẹ̀ ní ẹ lò ó láìsí ewu, kòkòrò ló máa kú, èbu á ṣì wà níbẹ̀, májèlé rẹ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn á sì tún gbọ́ òórùn rẹ̀ wá.

Ní ti ọlọ́sìn adìẹ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn kí ẹ ta èyí tó bu fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé ohun tí kò dára fún ènìyàn dára fún adìẹ. Òròmọ adìẹ kì í fara da aflatoxin, ti pẹ́pẹ́yẹ ló tún burú jù. Adìẹ àgbà tó bá ń jẹ ẹ́ kò ní yé ẹyin bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bàjẹ́, díẹ̀ nínú májèlé náà sì lè gba inú ẹyin àti ẹran padà sọ́dọ̀ wa. Èyí tí ẹ bá ṣà mọ́, tó gbẹ, tí iyọ̀ kò lẹ̀ mọ́ ìgò rẹ̀, ẹ lè tà á. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún oníbàárà yín, kí ó lè mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò aflatoxin kó tó sanwó. Owó yín máa dín kù o. Ó sàn ju kí adìẹ rẹ̀ kú tán, kó wá padà wá bá yín lọ.

Lọ́dún tó ń bọ̀, bí àyè bá gbà yín, àgbàdo àrọ̀kúrò ni kí ẹ rà fún ìpamọ́, torí ó máa ń bọ́ sí ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà ìkórè. Ti àkọ́rọ̀, ẹ tètè tà á, tàbí kí ẹ múra tán láti sá a kí ó tó wọ àpò. Bí ẹ bá ní àgbẹ̀ tí ẹ máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un nípa Aflasafe, ohun tí wọ́n ń fọ́n sóko láti dènà aflatoxin, tí IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn láti Amẹ́ríkà jọ ṣe, tí ìjọba Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 2014. Aspergillus flavus ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí kò lè ṣe májèlé ni. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kìlógíráàmù 10 fún hẹ́kítà kan, á sì gba ilẹ̀ mọ́ ẹ̀yà olóró lọ́wọ́. Ó ń bá àgbàdo dé ilé ìpamọ́ pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Kòkòrò náà kì í buni jẹ, kì í tani, kì í sì í jẹ aṣọ tàbí pákó ilé. Bó bà lé wọn lára, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dènà ni kí wọ́n máa ṣeré níbi tí ẹ ti ń gbọn àpò àgbàdo tó bu, nítorí lẹ́búlẹ́bú èbu kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ọmọ tó bá ní ikọ́ fée. Kí ẹ̀yin náà fi aṣọ di imú bí ẹ bá ń ṣà á.